Àwọn Káàdì Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Kó Ti Faransé Bọ̀

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti Faransé dé, àpò kan ṣoṣo ló gbé kọ́ èjìká. Láti àárọ̀ ni ìyá wa ti gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó sì ti ní kí àwọn ará ẹ̀yìnkùlé so ewúrẹ́ wọn mọ́lẹ̀, torí ó rò pé ọkọ̀ ẹrù yóò tẹ̀ lé ọmọ òun wọ agboolé. Ṣùgbọ́n ẹ̀bá ọjà Pobẹ̀ ni táksí já a sí, ó sì fẹsẹ̀ rìn wálé bí ẹni tó ti oko dé. Àwọn tó wá kí i jókòó pẹ́. Wọ́n ń béèrè àlàáfíà rẹ̀, ojú wọn sì wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá, bóyá àpótí kan yóò ṣì jáde. Nígbà tí kò sí nǹkan kan tó jáde, wọ́n dìde ní méjì-méjì, wọ́n lọ.

Fọ̀fọ́ ni mo máa ń pè é, bí àwọn Gùn tó yí wa ká ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin. Èmi ni àbúrò rẹ̀ obìnrin, olùkọ́ ni mí nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Sakété. Lójoojúmọ́ ni mò ń gun alùpùpù mi lọ láti Pobẹ̀, tí mo sì ń padà sọ́dọ̀ ìyá wa nírọ̀lẹ́, torí àwa méjèèjì nìkan ló kù nílé láti ìgbà tí bàbá wa ti kú. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Fọ̀fọ́ lọ́hùn-ún kò gùn ní sísọ. Ó ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí kan. Ìwé ìgbélùú rẹ̀ parí, wọn kò tún un ṣe fún un. Ó fara pamọ́ fún ìgbà díẹ̀, ó sì rẹ̀ ẹ́. Ìyẹn nìkan ló sọ fún wa. Lẹ́yìn náà ó wọ yàrá tó ti ń sùn láti kékeré, kò sì fẹ́ẹ́ jáde mọ́ bí kò ṣe pé ó fẹ́ wẹ̀ tàbí ó fẹ́ jẹun.

Ìyá wa kọ́kọ́ gbà á bẹ́ẹ̀, ó ní ara ọmọ òun ń sinmi. Nígbà tó yá, ìsinmi náà pọ̀ jù lójú rẹ̀. Ó máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ kí ó bi í bóyá yóò bá òun dé Ahoyéyé lọ wo ilẹ̀ bàbá wa, Fọ̀fọ́ á ní tó bá di ọ̀la. Ọ̀la ọ̀hún kì í dé.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn òjò, mo ń kọjá lọ, mo rí i pé ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ó jókòó sí ìpẹ̀kun ibùsùn, ó sì ti to àwọn káàdì kan sórí ẹní bí ẹni tó ń kọ ebè. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní àwòrán, ó ní nọ́ńbà kékeré ní igun òkè, èdè Faransé wẹ́wẹ́ sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ó ń mú ọ̀kan, ó ń wò ó, ó ń fi í síbòmíràn, ó tún ń dá a padà.

Mo bi í pé kí nìyẹn. Ó ní eré ni. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn, ṣùgbọ́n ó sún ẹsẹ̀ rẹ̀, mo sì jókòó.

Bó ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi nìyí. Ẹni méjì ló ń ṣe é. Kálukú ló ń ṣa ìdì káàdì tirẹ̀ jọ láti inú èyí tó ní, kò sì pọn dandan kí ìdì méjì bára mu. Ogún ẹ̀mí ni kálukú fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ bá kọ́kọ́ tán ló kú. Bó bá ti kàn ọ́, o máa fa káàdì kan látinú ìdì rẹ. Nígbà tó bá kọ́kọ́ kàn ọ́, agbára kan lo ní. Nígbà kejì, méjì. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa gòkè. Nọ́ńbà tó wà ní igun káàdì ni iye agbára tí yóò gbà kí o tó lè fi í sílẹ̀ lójú eré, kí ó máa bu ẹ̀mí ẹnìkejì rẹ jẹ. Ẹranko wà níbẹ̀, jagunjagun wà níbẹ̀, òjò àti iná wà níbẹ̀. Gbogbo iṣẹ́ náà wà nínú mímọ èyí tó yẹ kí o ṣà.

Ó ní kí n ṣa tèmi. Mo wò wọ́n títí, mo sì rí erin kan tí wọ́n ya bí òkúta, ewéko ti hù sí i lẹ́yìn, ẹyẹ bà lé eyín rẹ̀. Agbára mẹ́sàn-án ló ń gbà. Tó bá ti jáde, kò sí ohun tó lè dá a dúró. Mo mú un, mo sì ṣa àwọn ńláńlá mìíràn tì í. Fọ̀fọ́ ṣa tirẹ̀. A ṣeré. Kí agbára mi tó dé ìdajì ohun tí erin ń béèrè, ẹ̀mí mi ti tán, erin náà sì wà lọ́wọ́ mi, ó ń wò mí.

"Káàdì tí o kò lè fi sílẹ̀ kì í ṣe káàdì," ni Fọ̀fọ́ wí. "Àwòrán ni."

Mo ní kí a tún un ṣe. Ó tún pa mí. Nígbà náà ló wá sọ ohun tí mo máa ń rántí jù nínú gbogbo ohun tó kọ́ mi. Ó ní gbogbo káàdì ló dára lọ́jọ́ tí nǹkan bá ń lọ geere, nítorí náà kí n má ṣe fi irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ wọn káàdì. "Tí o bá ti ń borí, kí lo tún fẹ́ kí ó ṣe fún ọ? Bi í léèrè pé lọ́jọ́ tí mo bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú, tí mi ò ní ohunkóhun nílẹ̀, tó jẹ́ pé ìwọ nìkan ni mo fà, kí lo lè ṣe fún mi?"

Ó wá nawọ́ mú káàdì kan tí mo ti sọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Obìnrin kan tó ru ìkòkò omi ni, agbára méjì péré ló ń gbà, kò sì lè ja ìjà kankan. Ohun tí a kọ sísàlẹ̀ rẹ̀ kò ju pé tó bá ti wọlé, kí o fa káàdì kan sí i. Fọ̀fọ́ ní ní ilé ìtajà tí àwọn ti máa ń ṣeré lọ́hùn-ún, ẹni tó bá ní mẹ́rin irú rẹ̀ kì í yọ ọ̀kankan fún ẹnikẹ́ni. Mo béèrè ìdí rẹ̀. Ó ní obìnrin náà kì í jà, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí ọwọ́ èèyàn ṣófo. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá sì ṣófo, kò tíì kú.

Ọ̀rọ̀ tó sọ lọ́sàn-án yẹn pọ̀ ju gbogbo èyí tó ti sọ láti ìgbà tó dé.

Káàdì tó fi hàn mí kẹ́yìn wà nínú ike líle kan, kò sì yọ ọ́ níbẹ̀ fún mi. Alágbẹ̀dẹ kan ni. Tí Alágbẹ̀dẹ yìí bá wà nílẹ̀ fún ọ, agbára tí gbogbo káàdì rẹ ń gbà yóò dín. Èyí tó ń gba mẹ́rin yóò gba méjì, èyí tó ń gba méjì yóò wọlé lọ́fẹ̀ẹ́. Kódà èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ rí i pé èyí kọjá bó ṣe yẹ. Ó ní ọjọ́ kan ni ilé ìtajà náà pe ìdíje, òun sì borí gbogbo àwọn tó wá, ẹni tó ni ilé ìtajà sì fún òun ní Alágbẹ̀dẹ lójú gbogbo wọn. "Ọjọ́ yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ pe orúkọ mi bó ṣe yẹ nílùú yẹn," ló wí, ó sì dá ike náà padà sínú àpótí kékeré tó kó àwọn káàdì sí.

Láti ìgbà yẹn, a máa ń ṣeré tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé. Ìyá wa á gbọ́ tí a ń ka nọ́ńbà, á mi orí. Ó sọ fún aládùúgbò kan, létí mi, pé ọmọ òun lọ sí ìlú òyìnbó, ìwé ló kó bọ̀, kì í sì í ṣe ìwé ẹ̀rí.

Ní Sakété, ọkùnrin kan ń ta ẹ̀yà ara alùpùpù létí ọ̀nà Àjàṣẹ́, kò jìnnà sí ilé ẹ̀kọ́ wa. Ará Nàìjíríà ni, láti apá Ẹ̀gbádò, ó sì ti pẹ́ tó fi jẹ́ pé àwọn ọlọ́kadà, àwọn tí à ń pè ní sẹ́míjàn, kì í lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Àlàájì ni gbogbo ayé ń pè é. Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ń pè mí ní mẹtirẹ́sì, ṣùgbọ́n Tíṣà ni òun máa ń pè mí, bí wọ́n ṣe ń pè é lọ́dọ̀ tiwọn. Lọ́jọ́ kan okùn bíréèkì mi já. Mo jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kí wọ́n bá mi pààrọ̀ rẹ̀, mo sì mú àwọn káàdì díẹ̀ tí Fọ̀fọ́ ti fún mi jáde, mò ń wo èyí tí mo lè yọ kúrò.

Àlàájì wò mí títí, ó wá rọra béèrè bóyá kì í ṣe tẹ́tẹ́ nìyẹn. Mo ní kì í ṣe tẹ́tẹ́, a kì í fi nǹkan kan lélẹ̀, ọgbọ́n nìkan ni a fi ń bá ara wa jà. Ó ní ó dà bíi dráàfù nígbà náà. Mo ní ó jọ ọ́, ṣùgbọ́n nínú dráàfù ọmọ kan náà ni àwọn méjèèjì ní. Nínú èyí, ìwọ lo máa ṣa àwọn ọmọ ogun rẹ láti ilé kí o tó jáde. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó fa àpótí kan, ó jókòó lé e, ó ní kí n kọ́ òun.

Kò mọ Faransé kà, nítorí náà èmi ni mo ń ka ìsàlẹ̀ káàdì fún un lédè wa, ìgbà kan péré sì ni mo ń ka ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwòrán ló fi ń dá wọn mọ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè rẹ̀ pọ̀ ju ohun tí mo mọ̀ lọ. Mo sọ fún un pé ẹ̀gbọ́n mi ló mọ̀ ọ́n. Ó ní kí n mú un wá.

Fọ̀fọ́ kọ́kọ́ kọ̀. Mo sọ fún un pé mò ń ba eré náà jẹ́ mọ́ ọkùnrin yẹn lọ́wọ́, pé mo ti sọ òfin kan fún un lódìkejì. Ìyẹn ló dùn ún. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó lọ̀, ó gun ẹ̀yìn alùpùpù mi, a sì gba ọ̀nà Sakété. Mo rò pé ojú yóò máa tì í láàárín èrò. Dípò bẹ́ẹ̀, bí a ṣe ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń di gààrí sínú àpò, mo gbọ́ tí ó mí kanlẹ̀ lẹ́yìn mi. Ó ṣe díẹ̀ kí ó tó yé mi. Ní Sakété, kò sí ẹni tó ń retí ẹrù lọ́dọ̀ rẹ̀.

Àlàájì dìde fún un, ó fún un ní àga tó dára jù, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀. Fọ̀fọ́ borí. Ó tún borí. Bí oníbàárà bá dé, Àlàájì á da káàdì rẹ̀ bolẹ̀, á lọ tà, á padà wá, á sì rántí ohun gbogbo tó wà nílẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, Sátidé ti di ọjọ́ káàdì, kò tún ní orúkọ mìíràn mọ́ lọ́dọ̀ wa. Àlàájì kì í bínú bí ó bá kú. Ohun tó máa ń béèrè ni ìdí tí ó fi kú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ó béèrè pé káàdì wo ni Fọ̀fọ́ kì í lò rárá. Fọ̀fọ́ tọ́ka sí ìdì kan tó fi rọ́bà so nísàlẹ̀ àpótí, ó ní èèpo nìyẹn. Eku wà níbẹ̀, èèrà wà níbẹ̀, àwọn ajá tó rù àti àwọn ọmọdé tó gbé kànnàkànnà. Agbára kan-kan tàbí méjì-méjì ni wọ́n ń gbà, ìjà wọn kò sì tó nǹkan. Àlàájì ní kí ó fún òun. Ó kó wọn lọ sílé. Nígbà tí a tún pàdé, àwọn nìkan ló wà nínú ìdì rẹ̀. Fọ̀fọ́ rẹ́rìn-ín díẹ̀ nínú, mo rí i.

Eku wọlé lẹ́ẹ̀kíní. Ajá àti èèrà tẹ̀ lé e. Fọ̀fọ́ fi obìnrin aláru-omi rẹ̀ sílẹ̀, ó fa káàdì, ọwọ́ rẹ̀ kún fún ohun rere. Ṣùgbọ́n ohun rere náà ń béèrè márùn-ún, wọ́n ń béèrè mẹ́fà, àwọn eku sì ń bù ú jẹ. Ó kú pẹ̀lú ọwọ́ tó kún. Wọ́n tún un ṣe, ó tún kú.

Àlàájì kò yọ̀ ọ́. Ó ní, "Ẹ̀yin ń múra sílẹ̀ de ọ̀la. Èmi kò fẹ́ kí ọ̀la dé ni." Lẹ́yìn náà ó fi kún un pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè, kí Fọ̀fọ́ má ṣe pe èèpo ní èèpo títí yóò fi mọ ẹni tó fẹ́ fi se ọbẹ̀.

Bí a ṣe dé Pobẹ̀, Fọ̀fọ́ ti bọ́ sílẹ̀ kí alùpùpù tó dúró. Ẹ̀rù bà mí. Ó wọ yàrá rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì wà níbẹ̀ títí di ọjọ́ kejì àti ọjọ́ tó tẹ̀ lé e. Ìyá wa wò mí bí ẹni pé èmi ni mo fà á. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé oúnjẹ wọlé fún un, mo rí i pé ó ti da gbogbo káàdì náà sílẹ̀, kò to wọ́n bó ṣe máa ń tò wọ́n mọ́. Ó ti tú àwọn tó dára àti àwọn tí kò dára pọ̀ mọ́ra, ó sì ń yẹ̀ wọ́n wò bí ẹni tí kò rí wọn rí.

Ó ní kí n jókòó. Ó ní òun ti ń ro ibi tí òun ti mọ̀ pé káàdì kan dára, òun sì rí i pé àwọn tó wà nílé ìtajà ló sọ fún òun, àwọn náà sì gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. "Ẹnu àwọn ẹlòmíràn ni mo fi ń wọn gbogbo nǹkan," ló wí. "Mi ò fi ọwọ́ ara mi wọn ọ̀kankan rí." Mi ò mọ̀ bóyá káàdì nìkan ni ó ń sọ.

Nígbà tí a padà sí Sakété, ó ti yọ ìdajì àwọn ńláńlá rẹ̀ kúrò, ó sì ti fi káàdì kan tí à ń pè ní Àgbàrá síbẹ̀. Àgbàrá a máa gbá gbogbo ohun kékeré lọ kúrò nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó dúró de Àlàájì títí eku àti ajá fi kún ilẹ̀, ó wá da Àgbàrá lé wọn lórí. Àlàájì pàtẹ́wọ́. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, òun náà kò kó gbogbo èèyàn rẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan mọ́, ó ń fi díẹ̀ pamọ́ de Àgbàrá. Bí ó sì ti ń fi díẹ̀ pamọ́, ìjà rẹ̀ kò yá bí ti tẹ́lẹ̀, àwọn ńláńlá sì tún ráyè wọlé. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń lé ara wa kiri. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé kò sí bí a ṣe lè jókòó nílé kí a sọ pé káàdì báyìí lágbára tàbí kò lágbára, àfi tí a bá kọ́kọ́ mọ àwọn tí yóò bá rìn àti ẹni tí yóò dojú kọ.

Alágbẹ̀dẹ, tí Fọ̀fọ́ ti ń yọ nínú ike wá fi kún ìdì rẹ̀, nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kò bá mu. Ẹnikẹ́ni tí Alágbẹ̀dẹ bá dojú kọ, ọ̀kan náà ni. Tí Fọ̀fọ́ bá ti fà á, eré ti parí nìyẹn. Tí kò bá fà á, ó lè lọ síbí, ó lè lọ sọ́hùn-ún. Bó ṣe ń di Sátidé kan sí òmíràn, mo ń rí i pé Àlàájì kì í béèrè ìdí tí òun fi kú mọ́. Lọ́jọ́ kan, bí Alágbẹ̀dẹ ṣe jáde báyìí, ó kó káàdì rẹ̀ jọ kí ó tó di pé ó kú.

"Ẹ má bínú," ni ó wí fún Fọ̀fọ́. "Bí mo bá ti rí ọkùnrin yìí, mo ti mọ bí yóò ṣe parí. Kí la wá ń jókòó ṣe? Ẹ jẹ́ kí a yọ ọ́ kúrò nínú eré wa."

Fọ̀fọ́ ní òun kò jí i, òun gbà á ni. Ó fi ike bò ó, ó sì ní kí n jẹ́ kí a máa lọ. Àwọn Sátidé kan kọjá tí a kò dé Sakété. Tí mo bá gba iwájú ṣọ́ọ̀bù kọjá lọ sílé ẹ̀kọ́, Àlàájì á kí mi, á béèrè ẹ̀gbọ́n mi, kò sì ní fi nǹkan mìíràn kún un. Mo rò ó títí nígbà náà. Lọ́kàn mi, Àlàájì kò jẹ̀bi. Ìyàtọ̀ wà láàárín káàdì tó lágbára àti káàdì tó ń gba ìrònú kúrò lórí àwọn méjèèjì tó jókòó. Ẹni tó ń borí pàápàá kò ronú mọ́. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí Alágbẹ̀dẹ jẹ́ fún ẹ̀gbọ́n mi, mi ò sì lè bá a sọ ọ́.

Lórí fóònù ni Fọ̀fọ́ ti gbọ́ pé àwọn kan ní Kùtọnú ń ṣe eré yìí, wọ́n sì fẹ́ pàdé ní Àjàṣẹ́. Ó ní òun yóò lọ. Mo sọ fún Àlàájì láìsọ fún un. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, nígbà tí táksí wa dúró gbé èrò ní Sakété, Àlàájì wà létí ọ̀nà nínú jàlàbíà funfun, ó ti ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó wọlé, ó jókòó tì wá, ó kí Fọ̀fọ́. Fọ̀fọ́ kí i padà. Kí a tó dé Àjàṣẹ́ wọ́n ti ń jiyàn lórí ajá àti èèrà.

Gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ kan ni ìpàdé náà ti wáyé. Àwọn ọ̀dọ́ Kùtọnú pọ̀ níbẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì àti àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì. Wọ́n yà wá sí méjì-méjì. Èmi kọ́kọ́ borí, lẹ́yìn náà mo kú, mo sì di òǹwòran. Àwọn eku Àlàájì dẹ́rù ba ọ̀pọ̀ wọn kí ẹnìkan tó ní Àgbàrá mẹ́ta tó pa á. Fọ̀fọ́ ń borí lọ, Alágbẹ̀dẹ sì wà nínú ìdì rẹ̀. Nígbà tó kù díẹ̀, òun àti ọ̀dọ́bìnrin kan tó wé gèlè búlúù ló jókòó kojú ara wọn, gbogbo àwọn yòókù sì dúró yí wọn ká.

Fọ̀fọ́ fa Alágbẹ̀dẹ níbẹ̀rẹ̀ eré. Mo rí i lójú rẹ̀. Ó fi í sílẹ̀, àwọn èèyàn kan sì mí sínú, nítorí wọn kò rí i rí bí kò ṣe nínú àwòrán. Ọ̀dọ́bìnrin náà kò yí ojú padà. Ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó sì fi káàdì kan sílẹ̀ tí èmi ti rí rí nínú àpótí Fọ̀fọ́, tí a kò kà sí rárá: Àlejò. Ohun tí Àlejò máa ń ṣe kò ju pé yóò mú ohun kan lọ́dọ̀ ẹnìkejì rẹ wá sọ́dọ̀ rẹ. Nínú eré tiwa ní Sakété, eku ni ì bá mú. Ó mú Alágbẹ̀dẹ. Ohun gbogbo tó wà lọ́wọ́ obìnrin náà sì bẹ̀rẹ̀ sí wọlé lọ́fẹ̀ẹ́. Kò pẹ́ tí Fọ̀fọ́ fi na ọwọ́ sí i láti kí i fún bó ṣe borí.

Lẹ́yìn náà obìnrin náà wá bá wa níbi tí a ti ń mu omi. Ó bọ̀wọ̀ fún wa gan-an. Ó ní òun ti ń wá Alágbẹ̀dẹ tipẹ́, òun sì ní àpótí káàdì kan nínú ọkọ̀, ìdì lórí ìdì, gbogbo oríṣiríṣi. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá fẹ́, kí àwọn ṣe pàṣípààrọ̀. Fọ̀fọ́ wò mí.

"Ẹ má ṣe é, Fọ̀fọ́," ni mo wí. Mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà yóò le tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu mi.

"Àpótí kan ni mo ní," ló wí, "àwa mẹ́ta la sì ń pín in. Bí àpótí bá di méjì, ẹlòmíràn á lè jókòó." Ó yọ ike náà, ó gbé e lé ọ̀dọ́bìnrin náà lọ́wọ́, òun fúnra rẹ̀ ló sì lọ gbé àpótí nínú ọkọ̀.

Inú mi kò dùn. Títí di òní, bí mo bá rò ó, mo ṣì rò pé ì bá ti fi Alágbẹ̀dẹ pamọ́ sínú ike rẹ̀ láìlò ó, kí ó kàn máa wò ó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un nínú táksí. Ṣùgbọ́n ó ti sùn, àpótí náà lórí itan rẹ̀, orí rẹ̀ sì ń kan èjìká Àlàájì bí ọkọ̀ bá ti bọ́ sí kòtò.

Àwọn tó wá jókòó ṣeré ní ṣọ́ọ̀bù Àlàájì pọ̀ ju bí a ṣe rò lọ. Agbẹ̀bí kan wá, aránṣọ kan wá pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, àwọn sẹ́míjàn méjì kan tún ń dúró síbẹ̀ tí èrò kò bá sí. Fọ̀fọ́ ló ń ran kálukú lọ́wọ́ láti ṣa ìdì rẹ̀, kì í sì í sọ fún ẹnikẹ́ni mọ́ pé káàdì kan jẹ́ èèpo. Ìgbà tó yá, Àlàájì ní kí ó máa wá láàárín ọ̀sẹ̀ pẹ̀lú, kí ó máa bá òun ka àwọn ìwé Faransé tó ń bá ọjà rẹ̀ wá, kí ó sì máa dúró fún òun tí òun bá lọ kó ẹrù. Ó gbà. Láti ìgbà náà, àwa méjèèjì la jọ ń jáde nílé láràárọ̀.

Ìyá wa kò kọ́ eré náà. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan ó ní kí Fọ̀fọ́ kó àwọn ìwé eré rẹ̀ wá kí òun wò wọ́n. Ó wò wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí àga lọ́dẹ̀dẹ̀, ó pẹ́ kí ó tó tán, ó sì yọ ọ̀kan tí wọ́n ya ọ̀pẹ sí, ẹyìn pọ́n lórí rẹ̀, òjò ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Nínú eré, kò wúlò fún nǹkan kan. Mi ò tíì rí ẹni tó lò ó. Ìyá wa ní ó jọ ẹ̀yìn ilé tí bàbá wa ti mú òun wá. Ó fi í há igun dígí rẹ̀, ó sì wà níbẹ̀.

Ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, káàdì tuntun jáde, àwọn ará Kùtọnú sì fi àwòrán wọn ránṣẹ́ kí àwọn káàdì fúnra wọn tó tẹ̀ wá lọ́wọ́. A jókòó nínú ṣọ́ọ̀bù, à ń yẹ̀ wọ́n wò lórí fóònù. A dé orí ọ̀kan tí wọ́n pè ní Àsè. Ohun tí a kọ sí i ni pé àwọn méjèèjì tó ń ṣeré yóò fa káàdì mẹ́ta-mẹ́ta. Fọ̀fọ́ ní kò dára, torí ohun tí o jẹ ni ọ̀tá rẹ náà jẹ. Àlàájì ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n fẹ́ kọjá lọ.

Mo ní kí wọ́n dúró. Mo ní kí a wo àwọn eku Àlàájì: wọ́n ń yá wọlé débi pé láìpẹ́ ọwọ́ rẹ̀ á ṣófo, ibẹ̀ ni ó sì ti máa ń kú tí Àgbàrá bá dé. Ọwọ́ ẹni tó ń kó ńláńlá jọ ń kún ní tirẹ̀, òfin sì ti sọ pé ẹni tí káàdì bá pọ̀ jù lọ́wọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ da èyí tó lé nù. "Àwọn méjèèjì ló jẹun," ni mo wí, "ṣùgbọ́n ẹnìkan ti yó tẹ́lẹ̀."

Fọ̀fọ́ gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó fẹ àwòrán náà, ó tún un kà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì. Àlàájì ní kí n tún un kà fún òun lédè wa, mo sì tún un kà. Nígbà náà ni Fọ̀fọ́ gbé fóònù sílẹ̀, ó ní ibi tí òun ti ń wo káàdì yẹn kọ́ ni mo ti ń wò ó, kí n bá àwọn wo èyí tó kàn. Sẹ́míjàn kan ti ń fọn fèrè alùpùpù rẹ̀ níta, ó ń béèrè pílọ́ọ̀gì. Ẹ̀gbọ́n mi dìde, ó lọ dá a lóhùn, mo sì fa fóònù náà sọ́dọ̀ mi láti wo káàdì tó kàn.